Aṣọ Ọmọ Mi àti Àwọn Ère Èsìẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ àti ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ìlọrin ní òwúrọ̀, tí ẹ kọjá Ìdọ̀fíàn, tí ẹ sì dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ óò rí i pé ọ̀nà yà sí méjì níbẹ̀. Ọ̀kan dojú kọ Ọ̀fà. Èkejì gba àárín ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ sí Òmù-Àrán. Ọ̀nà kejì yìí ni èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbà ní ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Eruku ti bo ewé igi lẹ́bàá títì, àwọn obìnrin tí ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti fi ìborùn bo etí nítorí òtútù. Ọmọ náà kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé kan ni ó gbé lé itan, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó sì ń fi ìka tọ́ èjìká àti ọrùn ọmọbìnrin inú àwòrán náà bí ẹni pé ó ń wọ̀n ọ́n.

Ìyanu ni orúkọ ọmọbìnrin inú ìwé yìí. Roye Okupe ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Godwin Akpan ni ó ya àwọn àwòrán, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e jáde ní ọdún 2021. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu. Ilẹ̀ tí a fi ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni ó ń gbé, agbára ńlá kan sì ń bẹ lára rẹ̀ tí òun pàápàá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2025 ni wọ́n sọ ìtàn náà di eré orí tẹlifíṣọ̀n, láti ìgbà náà ni ilé mi kò sì ti fara rọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí àwa náà ti ń du ìwé Atọ́ka mọ́ ara wa lọ́wọ́ nígbà kan, nítorí àtirí àwọn eléré wa nínú fọ́tò tí ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu wọn jáde. Kò sí ohun tó yí padà bí kò ṣe pé ìwé ti di aláwọ̀ mèremère.

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé kan tí ó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Wọ́n ní ní ọjọ́ àríyá ìparí sáà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra bí ẹnì kan nínú ìwé tí ó ti kà. Mo kọ́kọ́ lọ sí ọjà. Superman àti Spider-Man ni mo bá níbẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tí yóò ya kí ọmọ tó jókòó, iye tí wọ́n sì pè é tó owó oúnjẹ ilé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tí ó ń ta aṣọ Ìyanu. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ìyá mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ́ ròkè ilé ọkọ, mo sì mọ bí a ti ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ kí ó má bàjẹ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé a ó rán an.

Bóyá ẹlòmíràn nínú yín yóò máa rò pé eré àṣejù àwọn ọmọ òde òní ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ní New York, ní oṣù Keje ọdún 1939, àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn ayé ọjọ́ iwájú ṣe àpéjọ wọn àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní ti àgbáyé. Ọkùnrin kan, Forrest Ackerman, àti obìnrin kan, Myrtle Douglas, wọ aṣọ tí ó jọ ti inú fíìmù wọ ibẹ̀, gbogbo ojú sì yí sí wọn. Orúkọ ọkùnrin náà ni ayé ń dá jù. Ṣùgbọ́n Myrtle ni ó ya aṣọ méjèèjì lórí ìwé, òun náà ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn, tirẹ̀ àti ti ọkùnrin náà. Àwọn ará Japan ni wọ́n fún àṣà yìí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, kọ́spléè, ní àwọn ọdún 1980. Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà: láti ọdún 2012 ni àpéjọ Lagos Comic Con, èyí tí Ayodele Elegba dá sílẹ̀, ti ń wáyé ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa wọ aṣọ tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ rán wá síbẹ̀. Bí ẹ bá wo ìdí ọ̀pọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí, ẹ óò bá ìyá kan, tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, tàbí télọ̀ àdúgbò kan tí wọ́n bẹ̀ títí tí ó fi gbà.

A dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilé ìyá ọkọ mi ni a sọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, ọmọ náà kúnlẹ̀, a jẹ iyán, a sinmi. Ìgbà tí mo tú àpò mi, tí mo kó páálí àti àgékù aṣọ sílẹ̀ ni wàhálà dé.

"Ìyàwó," ni Màmá wí, "kí ni o fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi ìwé hàn án. Mo sọ ọ̀rọ̀ àríyá ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, èyí gan-an ni ó sì bà mí lẹ́rù, nítorí kì í ṣe ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí léèrè bóyá mo mọ̀ pé ilé eléégún ni wọ́n ti bí òun, àti bóyá mo ti rí ibi tí obìnrin ti ń bọ́ sí ẹ̀kú rí. Màmá ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fi bú ọmọ ilé ènìyàn kì í tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ tí ó bá bo ara rẹ̀, tí ó bo ojú rẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni orúkọ tí ó yẹ kí a pè é?

N kò rí èsì fọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ilẹ̀ Eléwé, eégún tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ààlà wọn. Bí ẹ bá sì ti fara balẹ̀ wo ẹ̀kú eégún ńlá kan rí, ẹ óò mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó le jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni. Aṣọ lórí aṣọ ni: òfì, àrán, dámáàsìkì, àǹkàrá, ọ̀já gígùn tí a gé etí wọn bí eyín ayùn tí a sì fi aṣọ pupa gbá létí, tí wọ́n ń fò sókè bí eégún bá ń pòyì. Àwọ̀n tí a fi òwú hun ni ó wà níwájú ojú, kí ẹni inú rẹ̀ lè ríran kí ará òde má sì rí i. A kì í rán an tán ní ọjọ́ kan. Ọdọọdún ni a ń fi aṣọ tuntun kún un, ti ìsàlẹ̀ ń gbó, ti òkè ń dán, títí ẹ̀kú kan yóò fi ní ìtàn ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú. Ọwọ́ ta ni ọ̀pọ̀ aṣọ wọ̀nyẹn ti ń wá? Inú àpótí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-oṣú ni. Obìnrin kì í bọ́ sínú ẹ̀kú, àfi Ìyá Àgan àti ìwọ̀nba àwọn olóyè bíi tirẹ̀ ni ó sì ń súnmọ́ awo náà, síbẹ̀ bí a bá ní kí a yọ aṣọ tí obìnrin mú wá kúrò lára ẹ̀kú, ó lè jẹ́ àwọ̀n ojú nìkan ni yóò kù.

Eégún onídán tilẹ̀ tún wà, àwọn alárìnjó, tí àwọn kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni nígbà eré wọn bí kò ṣe ẹran, ejò, àjèjì àti aláṣejù tí wọ́n ń sín jẹ. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, wọ́n ṣe irú eré yìí níwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde láti inú àpò bí erè ńlá, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń na ahọ́n. Òmíràn bọ́ àpò rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì di òyìnbó funfun, tín-ín-rín, tí òtútù ń mú, tí ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Clapperton rí ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní tèmi o, bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ ń rán aṣọ ẹ̀dá inú ìtàn ní ayé yìí, n kò rò pé New York ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwákiri.

Ṣùgbọ́n n kò sọ gbogbo èyí fún Màmá. Ta ni yóò dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kí ó máa ka ìtàn Clapperton? Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún ṣí ìwé náà, mo sì fi ojú Ìyanu hàn án. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀."

Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní bí ojú bá ṣí sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ọmọ ọmọ òun ni, òun kò ní bá wa jà. Ó ní ṣùgbọ́n irun ńkọ́? Ó ní aṣọ nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ọmọ ẹni ńlá, orí ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí a bá sì fẹ́ rí orí tí a dì ní àdìgbà, kí a lọ sí Èsìẹ́, kí a lọ wo àwọn ère.

Ọ̀nà Èsìẹ́ kò jìn sí Òmù-Àrán, ìlú kan náà ni ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é bí kì í bá ṣe ti oko tó wà láàárín. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ọlọ́kadà kan gbé èmi àti ọmọ náà débẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, kí Èkó tó ní tirẹ̀, kí Ifẹ̀ tó ní tirẹ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ yunifásítì pàdé tí kò mọ èyí.

Ìtàn tí àwọn ará Èsìẹ́ ń sọ ni pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ni ó kọ́kọ́ rí àwọn ère náà nínú igbó, ní nǹkan bí ọdún 1775. Wọ́n ní àjèjì ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá kí ọba, tí ọ̀rọ̀ sì di èdè-àìyedè títí wọ́n fi di òkúta ní ibi tí wọ́n jókòó sí. Àwọn ará ìlú ń bọ wọ́n lọ́dọọdún. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, kan wọn lára, tí ìròyìn wọn sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí ohun amọ̀ tí a bá láàárín wọn tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí nígbà tí a wọlé. Ojú púpọ̀ ni ó ń wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ère náà ju 1,000 lọ, kò sì sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tí ère òkúta pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí ojú kan. Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ agbẹ́gilére fi lè fa ìlà tín-ín-rín bí irun sí i lára. Àwọn kan kéré débi pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé wọn. Àwọn tí ó ga jù tó nǹkan bí mítà kan. Púpọ̀ ni orí rẹ̀ ti kán kúrò lọ́rùn. Orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí ó ti ń ṣe nínú ọkọ̀: ó ń wọ̀n wọ́n.

Ó wò wọ́n ju bí èmi ti wò wọ́n lọ. Èmi ń wo ọ̀pọ̀ wọn, òun ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó fi hàn mí pé orí àpótí ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí, pé àwọn kan di ohun èlò orin mú, pé ìlà ojú wọn kò dọ́gba. Òun náà ni ó rí obìnrin tí ó di idà mú.

Obìnrin ni, kò sí àníàní, ọmú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó gbọnmọ-gbọnmọ, ìlẹ̀kẹ̀ po ọrùn rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ó fi idà gbé èjìká, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Irun rẹ̀ ga sókè láti iwájú orí lọ dé ìpàkọ́, a pín in ní ipa-ipa, a kó o jọ lókè orí bí ìgbà tí onídìrí bá di ṣùkú tí kò sì fẹ́ kí ó wálẹ̀ mọ́ láéláé. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì ń ronú ẹni tí ó jókòó ti iṣẹ́ náà: kì í ṣe agbẹ́gilére nìkan, bí kò ṣe obìnrin alààyè kan tí orí rẹ̀ kọ́kọ́ wà láàárín orúnkún obìnrin mìíràn fún wákàtí mélòó kan, kí agbẹ́gilére tó wá rí ohun tí yóò gbẹ́. Òkúta ń bẹ níbẹ̀, a mọyì rẹ̀, a kọ́ ilé lé e lórí. Onídìrí náà kò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọmọ mi ní, "Màámi, Ìyanu mi yóò dirí báyìí." Ó fi pẹ́ńsù ya irun náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Ìgbà tí ó yà á tán ni mo rí i pé ọmọ tí kì í lè jókòó jẹun tán ti dúró lójú kan fún nǹkan bí wákàtí kan.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbọ́ bí a ti ṣe é. A kọ́kọ́ gé gbogbo rẹ̀ ní ìwé ìròyìn àtijọ́, a wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà pẹ̀lú pín-ìnnì, a rí i pé ọwọ́ ń gbé sókè dáadáa àti pé ó lè jókòó, kí a tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ gidi. Àgékù òfì tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ ní Ìlọrin ni a fi ṣe ara ẹ̀wù. Wọn kì í ta àgékù wọ́n bí ènìyàn bá mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Ìhámọ́ra èjìká àti ti ọrùn ọwọ́ ni ó le. Fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn ṣúméékà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni mo lò, nítorí kò wúwo, kò sì lè gún ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ká gẹ́gẹ́ bí èjìká, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ ká a lé orí abọ́ títí yóò fi tutù. Kò ní tún na mọ́.

Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúméékà ni yóò lẹ̀ ẹ́. Ìyá tí ó lóyún, tàbí tí ó ń tọ́ ọmọ ọwọ́, kí ó má ṣe súnmọ́ gọ́ọ̀mù náà nínú yàrá. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, kí a jókòó síta ni kí a ti lò ó. Ẹ fi kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kí ẹ sì dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, nítorí èmi kò ṣe é bẹ́ẹ̀ ní èjìká òsì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni. Ọmọ náà gé e ní onígun mẹ́ta gígùn, ó ká a mọ́ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, ó fi gọ́ọ̀mù funfun pa á, a sì kùn ún ní pupa. Màmá wo ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó ní kò burú, ó ní ṣùgbọ́n kí á má dárúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin máa ń gbẹ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n máa ń dá lu, tí wọ́n sì máa ń ra dán fún àwọn ọba. Idà, igi pẹlẹbẹ àti páálí ni, etí rẹ̀ rí bìrìkìtì, ọmọ kékeré kò lè fi gún ẹnikẹ́ni.

Màmá kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí ó di bí agogo mẹ́sàn-án, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, a gbọ́ ìró ìdérí àpótí. Àrán kan ni ó gbé jáde, àwọ̀ rẹ̀ bí osùn, ó gùn tó apá méjì, òórùn kánfọ̀ ń ta lára rẹ̀. Kò sọ fún wa ohun tí ó fi pa á mọ́ fún. Ó ní kí a fi ṣe ọ̀já ìdí ẹ̀wù náà. Ó ní a kò gbọdọ̀ gé e, kí a ká etí rẹ̀ sínú ni, kí a sì fi òwú gbà á lọ́nà tí a ó fi lè tú u. Èmi ni mo ń rán an, òun ni ó ń wí pé ó tẹ̀, ó tọ́. Kí a tó sùn, ó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọwọ́ mi le jù.

Ọjọ́ àríyá pé. Onídìrí àdúgbò wa ní Ìlọrin wo àwòrán ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì di irú èyí rí, ó sì fi òwú dúdú kó irun náà jọ sókè ní wákàtí méjì àti ààbọ̀, kò sì gbà ju owó ṣùkú lásán lọ. Ọmọ mi wọlé bí ẹni tí ó ti inú igbó Èsìẹ́ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá ọba ni. Ó ní rárá, òun kàn ní idà ni.

Èjìká òsì já bọ́ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Pín-ìnnì mẹ́rin ni mo fi mú un, ojú tì mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òun sì ń wí pé, "Màámi, kò sí nǹkan, obìnrin Èsìẹ́ náà ti kán léjìká." Òtítọ́ ni, mo rántí: ẹ̀yà kan ti fọ́ lára rẹ̀ lóòótọ́. A kò gba ẹ̀bùn kìíní. A gba ìwé kan àti bísíkíìtì.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, a tún gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo padà sí Òmù-Àrán. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ béèrè, kí a tó jókòó, ni àrán rẹ̀. Mo tú u jáde nínú àpò. Ó gbé e sí imú, ó ní gọ́ọ̀mù ń rùn lára rẹ̀, ó ní kí a sá a sí òòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta ó jókòó sí ìloro, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì pe ọmọ mi kí ó wá bá òun tú òwú rẹ̀. Ọmọ náà jókòó tì í. Ó bi í pé, "Màmá àgbà, kí ni ẹ fi pa á mọ́ fún tẹ́lẹ̀?" Màmá ní kí ó ṣọ́ra, kí abẹ́rẹ́ má gún un lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún un, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.